Àwọn tó ń kiri ọjà nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ ìlú London: ìbéèrè àti ìdáhùn

Tí mo bá fi àwòrán àtijọ́ ìlú London han èèyàn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sábà máa ń bi mí. Ta ni obìnrin tó ru agbọ̀n yẹn? Kí ló ń tà? Kí ló ń sọ? Ṣé ẹlẹ́yà ni ayàwòrán ń fi í ṣe? Mo ti fi ẹnu dáhùn títí, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Àárín 1687 sí nǹkan bí 1823 ni mo dúró sí jù, torí ìgbà yẹn ni ọjà àwòrán títẹ̀ gbóná ní London. Àdúgbò tí ìpolówó ọjà ti ń jí èèyàn láàárọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn tí mo fi ń fetí sí àwòrán wọ̀nyí bí mo ṣe ń wò wọ́n.

Kí ni ẹ ń pè ní àwòrán ẹ̀fẹ̀?

Ẹ rántí ẹ̀fẹ̀ inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kétu: orin òru tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n fi ń bá aṣebi wí níṣojú gbogbo ìlú. Àwọn ará London ṣe irú rẹ̀ sórí bébà. Ọ̀pọ̀ ọba, mínísítà, àlùfáà, dókítà àti ọlọ́tí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rín, ojú pópó sì ni eré náà ti sábà máa ń wáyé. Kò sì sí bí èèyàn ṣe lè ya ojú pópó London nígbà náà kó má ya ẹni tó ń kiri ọjà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Wọ́n á fi ìda kun ojú pẹlẹbẹ bàbà. Ayàwòrán á fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sára ìda títí bàbà á fi hàn, wọ́n á wá da ásíìdì lé e lórí. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá nìkan ni ásíìdì máa jẹ. Wọ́n á fọ ìda kúrò, wọ́n á fi tàdáwà pa bàbà náà, wọ́n á sì nù ún títí tàdáwà á fi kù sínú àwọn ojú ìlà yẹn nìkan. Bébà tútù ni wọ́n máa ń gbé lé e, wọ́n á tì í gba àárín ẹ̀rọ tó ń yí, àwòrán á sì jáde. Ohun tó wà lápá ọ̀tún lára bàbà, apá òsì ló máa bọ́ sí lórí bébà, torí náà bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì gba owó, ẹ má tíì rò pé ọlọ́wọ́ òsì ni.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ní àwọ̀ á san owó lé e, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1751, ṣílè 1 ni William Hogarth ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan àwòrán méjì rẹ̀ tó lókìkí jù, Gin Lane àti Beer Street. Pẹ́nì 12 ló wà nínú ṣílè kan. Ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó ní pẹ́nì kọ̀ọ̀kan ò lè ra àwòrán ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́: wọ́n máa ń gbé àwòrán tuntun kọ́ sí fèrèsé ìsọ̀, èrò á sì pé jọ síwájú rẹ̀, ọlọ́kọ̀ ẹṣin, ọmọ iṣẹ́ àti alágbọ̀n, gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ìsọ̀ Hannah Humphrey ní 27 St James's Street lókìkí fún èyí. James Gillray, ayàwòrán tó mú jù nínú wọn, orí òkè ìsọ̀ yẹn náà ló ń gbé.

Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn tó ń kiri ọjà?

Ó ti pẹ́ ṣáájú London. Ní ìlú Bologna ní Ítálì, Annibale Carracci ya àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tó ń kiri lójú pópó. Ó kú ní 1609. Ní 1646, wọ́n tẹ 80 nínú àwòrán náà jáde ní Róòmù, ọ̀rọ̀ ìṣáájú inú ìwé yẹn sì wà lára ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ṣàlàyé, nínú ìwé títẹ̀, irú àwòrán tó ń sọ imú ńlá di imú erin, tó ń sọ àgbọ̀n gígùn di ọkọ́. Ìyẹn ni pé inú ìwé kan náà ni ẹni tó ń kiri ọjà àti àwòrán aláwàdà ti jọ jáde. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí àwọn kan máa ń rò pé àwòrán àwọn ọlọ́jà yìí jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Ní London, ìwé Marcellus Laroon ló la ọ̀nà. The Hague ni wọ́n ti bí i. Láti 1687 ni Pierce Tempest ti ń tẹ àwòrán rẹ̀ jáde, wọ́n sì pé 74 nígbẹ̀yìn. Ẹnì kan ló máa ń wà lójú ìwé kan, ìpolówó ọjà rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ ní èdè mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ítálì. Laroon ò fi wọ́n ṣe ẹ̀rín. Ó yà wọ́n pẹ̀lú bàtà tó ti jẹ, pẹ̀lú ìdúró ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò sí ojú pópó lẹ́yìn wọn, kò sí oníbàárà, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń bá wọn du ọ̀nà. Hogarth ló dá wọn padà sáàárín èrò.

Àwòrán wo ni kí n kọ́kọ́ wò?

The Enraged Musician, ti Hogarth, 1741. Olórin kan tó múra bí ọlọ́lá wà lójú fèrèsé pẹ̀lú gòjé òyìnbó rẹ̀, ó ti di etí méjèèjì. Ẹ wá wo ohun tó wà níta. Obìnrin kan gbé ọmọ tó ń ké mọ́ra, ó ń fi orin ta bébà orin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan ń fun fèrè lábẹ́ fèrèsé gan-an. Ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ ń pọ́n in lọ. Ẹlẹ́ja ń polówó, akólẹ̀ ń lu agogo, ọmọkùnrin kékeré ń lu ìlù, ọmọbìnrin kan ń mi ṣẹ̀rẹ̀ ìṣeré. Ọkùnrin tó ń tẹ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dàá wà lórí ẹṣin, ó ń fun ìwo. Odídẹrẹ́ wà lókè, ológbò ń jà lórí òrùlé. Henry Fielding, tó jẹ́ òǹkọ̀wé àti adájọ́, sọ pé wíwò nìkan tó láti sọ èèyàn di adití.

Wọ́n máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí pé Hogarth ń ráhùn nípa ariwo. Mi ò gbà. Ẹ wo ẹni tó fi sí àárín: oníwàrà, tó ru korobá wàrà rẹ̀ lórí, tí ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, tó ń wo àwa tí à ń wò ó. Nínú gbogbo èrò yẹn, òun nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀. Bí ẹ bá ti ru ẹrù tó kún fún omi rí, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ara rẹ̀ ò bá balẹ̀ á dà á nù. Ẹni tó ń bínú, tó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ni ọlọ́lá ojú fèrèsé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀ sì ni bébà ìkéde The Beggar's Opera wà, eré tó mú orin ojú pópó wọ gbọ̀ngàn ìṣeré tí gbogbo ìlú sì lọ wò ó. Fún èmi, ohun tí Hogarth ń sọ ni pé orin ìta náà, orin ni.

Ṣé ariwo wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?

Ó pọ̀. Ní December 1711, lẹ́tà ẹ̀fẹ̀ kan jáde nínú ìwé ìròyìn The Spectator, ẹni tó kọ ọ́ ní kí ìjọba fi òun ṣe alábòójútó gbogbo ìpolówó ọjà London. Ó ròyìn bàbá onínúfùfù kan tó bá ọ̀kan lára àwọn tó ń ta ìṣáná onímí-ọjọ́ dúnàádúrà, tó fún un lówó kó má ṣe gba àdúgbò òun mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo àwọn oníṣáná agbègbè yẹn ló gba iwájú ilé bàbá náà kọjá, wọ́n ń retí kó fún àwọn náà lówó.

Ọ̀rọ̀ inú ìpolówó náà kì í sábà yé èèyàn. Ohùn ni wọ́n fi ń dá ọlọ́jà mọ̀, bí ọmọ ilé ṣe ń mọ̀ pé ẹlẹ́kọ ló ń bọ̀ kó tó gbọ́ “ẹ̀kọ”. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayàwòrán fi máa ń kọ ìpolówó náà sísàlẹ̀ àwòrán: ojú ò lè rí ohùn.

Ta ni Tiddy Doll? Kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ fi wà lára àwòrán Napoleon?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Tiddy Doll ń ta àkàrà òyìnbó aláta-ilẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ ní àwòrán ọba àti ayaba, tí wọ́n sì máa ń fi wúrà fẹ́lẹ́ bò lójú nígbà mìíràn. Bí ìjòyè ló ṣe ń múra: fìlà tí wúrà yí létí, ìyẹ́ gbọọrọ lórí rẹ̀, ápúrọ̀n funfun níwájú. Ó máa ń fi orin tí kò nítumọ̀ parí ìpolówó rẹ̀, “tíddì-tíddì-dọ́ọ̀lù”, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni ẹ ó ti bá a. Ní 1747, Hogarth fi í sáàárín èrò tó wá wo bí wọ́n ṣe fẹ́ yẹgi fún ọmọ iṣẹ́ kan ní Tyburn, ó ń ta àkàrà rẹ̀ lọ bí ẹni pé òde ayẹyẹ ni.

Ó ti kú láti bí 50 ọdún nígbà tí Gillray jí i dìde. Lóṣù January 1806, àwòrán kan jáde: Napoleon ni Tiddy Doll, alákàrà ńlá ilẹ̀ Faransé, ó ń fa àkàrà ọba tuntun mẹ́ta jáde nínú ààrò. Orúkọ wọn wà lára wọn: Bavaria, Württemberg àti Baden. Lábẹ́ ààrò ni ihò eérú wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń da àkàrà tó ti fọ́ sí, Spéènì, Ọ́síríà, Ítálì àti àwọn mìíràn. Talleyrand, mínísítà rẹ̀, wà lẹ́yìn, ó ń po ìyẹ̀fun tí wọ́n máa fi ṣe àwọn tó kù. Àpótí kan kún fún adé àti ọ̀pá àṣẹ. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn ló ń yà: ní December 1805, nínú àdéhùn Pressburg, Napoleon sọ olórí Bavaria àti ti Württemberg di ọba. Ti Baden ò di ọba ní tirẹ̀, oyè tó kéré sí ọba ni wọ́n fún un nígbẹ̀yìn, Gillray kàn ti fi í sínú ààrò pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ẹ wo bí ẹ̀fẹ̀ yẹn ṣe jinlẹ̀ tó. Ará London tó bá dàgbà mọ̀ pé àkàrà Tiddy Doll dára lójú, pé wúrà rẹ̀ kì í ju ẹyọ bébà lọ, pé ọmọdé lè ká orí ọba jẹ kó tó délé. Gillray ò ní láti ṣàlàyé ohunkóhun. Ọlọ́jà ojú pópó ló yá a ní èdè tó fi bá ọba Faransé wí. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá rí ọlọ́jà nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa ìṣèlú, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn: òun kọ́ ni wọ́n ń bú.

Àwọn tó ń ta orin àti ìròyìn ńkọ́?

Àwọn ni mo rò pé ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ mọ̀ sí ẹbí, torí bébà ni àwọn méjèèjì ń tà. Nínú àwòrán Tyburn 1747 tí mo sọ, obìnrin kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́ wà níwájú, ó la ẹnu gbàgà, ó ń ta “ọ̀rọ̀ ìkẹyìn” ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún. Tom Idle, ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún náà, ṣì wà lórí ọmọlanke lẹ́yìn, pẹ̀lú pósí rẹ̀. Kò tíì kú, kò tíì sọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ ti wà lórí bébà, wọ́n ti ń tà á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn: òǹtẹ̀wé ti máa ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Nínú The March to Finchley, tó jáde ní 1750, ọmọ ogun kan dúró láàárín obìnrin méjì tí wọ́n ń fà á. Ọ̀kan jẹ́ aboyún tó gbé orin ìyìn ọba sínú agbọ̀n rẹ̀, ìkejì gbé ìwé ìròyìn àwọn tó ń ta ko ọba dání. Bí ìlú ṣe pín nígbà ọ̀tẹ̀ tí wọ́n dì sí ọba ní 1745 ni Hogarth fi sọ́wọ́ ọlọ́jà méjì. Lápá kan àwòrán náà, ọmọ ogun mìíràn ń fẹnu ko oníwàrà lẹ́nu kí ẹnì kejì lè fi fìlà gbọ́n wàrà rẹ̀ lọ. Mi ò tíì rí ẹni tó ti kiri ọjà rí tí kò ní mí kanlẹ̀ tó bá rí igun yẹn.

Iṣẹ́ yìí léwu pẹ̀lú. Láti 1743, wọ́n lè sọ ẹni tó bá ń kiri ìwé ìròyìn tí kò ní òǹtẹ̀ owó orí ìjọba sẹ́wọ̀n títí dé oṣù mẹ́ta. Ṣílè 20 ni ẹni tó bá fà á lé ìjọba lọ́wọ́ máa gbà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wà nínú ilé rẹ̀, ẹni tó ń kiri ni wọ́n ń mú.

Ọ̀kan tó bani lẹ́rù jù ni ti Gin Lane, 1751. Gbogbo èèyàn mọ ìyá tó ti mutí yó níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn, lápá kan: ọkùnrin kan tó ti gbẹ di egungun, tó jókòó, ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ta ọtí jíìnì, ó sì ń ta orin. Orin tó wà nínú agbọ̀n rẹ̀ ni ti ìṣubú Ìyáàfin Jíìnì, orin tó ń kìlọ̀ nípa ọtí tó pa á. Lójú ilé ọtí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé pẹ́nì kan tó láti mu yó, pẹ́nì méjì tó láti mu dákú, koríko tí ẹ ó sùn lé, ọ̀fẹ́ ni. Nínú Beer Street, tó jẹ́ èkejì rẹ̀, àwọn ẹlẹ́ja obìnrin méjì sinmi pẹ̀lú ife bíà, wọ́n ń ka orin tuntun nípa iṣẹ́ ẹja. Ara wọn le, agbọ̀n wọn kún. Hogarth fẹ́ kí ìjọba dá ọtí jíìnì dúró, òfin sì jáde lọ́dún yẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ya àwọn ẹlẹ́ja obìnrin bí oníjà?

Ọjà Billingsgate ni wọ́n ti ń ra ẹja, ẹnu àwọn obìnrin ibẹ̀ sì mú débi pé orúkọ ọjà náà di ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe èébú. Thomas Rowlandson ò jẹ́ kí èyí sinmi. Nínú àwòrán rẹ̀ wọ́n sanra, apá wọn nípọn, ẹnu wọn ò padé. Ní 1810, ó ya wọ́n tí wọ́n tò tẹ̀ léra bí ẹgbẹ́ olóyè, agbọ̀n ẹja lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń wo ibi tí agbọ̀n ti bá orí pàdé. Kò sẹ́ni tó lè gbé ẹja tútù rìn jìnnà láìní òṣùká tàbí fìlà tó nípọn, Rowlandson sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ ó wò wọ́n dáadáa.

Kí èèyàn tó bínú sí ẹnu wọn, kó rò ó wò: ẹja tí wọ́n rà láàárọ̀ máa bàjẹ́ kó tó di alẹ́. Nínú àwòrán Paul Sandby ní 1760, ìpolówó ẹlẹ́ja kan, tó ń ta irú ẹja tí àwa ń pè ní Títù, lọ báyìí: mẹ́ta ní pẹ́nì mẹ́rin, tàbí mẹ́rin ní pẹ́nì mẹ́fà. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ra mẹ́rin ló san jù lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan! Ẹni tó bá yára gbọ́ ọ á rò pé ẹ̀dínwó ni.

Mo ti rí àwọn kan tó rẹwà gan-an lára agolo bísíkíìtì. Ṣé àwọn náà ni?

Francis Wheatley nìyẹn. Láti 1792 dé 1795 ló gbé wọn kalẹ̀ níbi àfihàn Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ní London, wọ́n sì tẹ 13 nínú wọn láàárín 1793 sí 1797. Ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó, aṣọ funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa, ẹsẹ̀ tí ẹrẹ̀ ò kàn. Wọ́n tà wàràwàrà, wọ́n ṣì ń tà títí dòní.

Ti Sandby tó ṣáájú wọn ò tà bẹ́ẹ̀. 12 péré ló jáde, bẹ́ẹ̀ ó ti ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ sílẹ̀ tó fẹ́ fi tẹ̀ lé e. Tirẹ̀ ni mo gbà gbọ́. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ti rẹ̀, inú ń bí wọn, wọ́n ń rọ oníbàárà tí kò fẹ́ rà. Ní 1799, Rowlandson ya mẹ́jọ tirẹ̀ fún òǹtẹ̀wé Rudolph Ackermann: ẹni tó ń ta pàkúté eku, ẹni tó ń ta pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó, ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ etí omi. Ojú pópó ti Rowlandson ní ajá, ọmọ aláìgbọràn àti bàbá arúgbó tó ń yọjú sí ọmọbìnrin. Lẹ́yìn adùn Wheatley, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ṣí fèrèsé.

Ṣé wọn kì í fi àwọn obìnrin ọlọ́jà wọ̀nyí wọ́lẹ̀?

Wọ́n ń ṣe é, mi ò ní bò ó. Ọ̀pọ̀ àwòrán ìgbà náà ka ọmọbìnrin tó ń kiri sí ẹni tí ara rẹ̀ náà wà lára ọjà. Ẹ wo Sandwich-Carrots tí Gillray ṣe ní December 1796. Ọmọbìnrin kan ń ti bárò kárọ́ọ̀tì, ìjòyè tí wọ́n ń pè ní Earl of Sandwich sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa ápúrọ̀n rẹ̀. Gbogbo London mọ ọ̀gbẹ́ni náà. Òun ni ẹ̀fẹ̀ náà bá wí, ojú rẹ̀ ni ìtìjú wà. Ṣùgbọ́n orúkọ oyè rẹ̀ nìkan ló wà lára àwòrán yẹn, ọmọbìnrin náà ò lórúkọ, àwọn tó dúró sí fèrèsé ìsọ̀ ń wo òun náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí nígbà gbogbo tí mo bá wò ó. Ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn láìtọ́ ò yẹ kó wà lára ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ṣé àwọn èèyàn dúdú wà nínú wọn?

Wọ́n wà, púpọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa lọ. Méjì wà tí a mọ orúkọ wọn.

Joseph Johnson wà nínú Vagabondiana, ìwé tí John Thomas Smith tẹ̀ jáde ní 1817. Atukọ̀ ni, inú ọkọ̀ oníṣòwò ló ti fara pa. Nítorí pé kì í ṣe ọkọ̀ ogun, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì àwọn atukọ̀. Ó kọ́ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ó gbé e lé fìlà rẹ̀, tòun ti aṣọ ìgbòkun. Bó bá ń kọrin, á máa tẹrí ba, á máa gbéra, ọkọ̀ náà á máa fì bí ẹni pé ó wà lórí ìgbì. Ó máa ń lọ sí iwájú fèrèsé àwọn ilé, kí àwọn tó wà nínú ilé lè rí ọkọ̀ náà tó ń kọjá.

Billy Waters wá láti Amẹ́ríkà. Nínú ọkọ̀ ogun Ganymede ló ti já bọ́ láti òkè òpó ní 1812, tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi igi rọ́pò rẹ̀, ó ń fi gòjé kọrin ní iwájú gbọ̀ngàn ìṣeré Adelphi, ó fi ìyẹ́ sí fìlà. George Cruikshank àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Robert yà á sínú ìwé Life in London ní 1821. Wọ́n wá sọ ìwé náà di eré ìtàgé, ẹlòmíràn sì ṣe Billy níbẹ̀. Eré náà pa owó gọbọi. Ilé àwọn aláìní ti St Giles ni Billy fúnra rẹ̀ kú sí ní 1823, lẹ́yìn tó ti fi gòjé rẹ̀ dógò gba owó.

Àwọn ọmọ Yorùbá ńkọ́? Ṣé wọ́n wà nínú irú àwòrán yìí níbì kankan?

Ní London ìgbà náà, mi ò ní ẹnikẹ́ni tí mo lè nàka sí. Ní òdìkejì òkun ni kí ẹ wò. Ní Brazil, àwọn baba wa tí wọ́n ń pè ní Nàgó ló pọ̀ lára àwọn tó ń kiri lójú pópó Salvador, ẹrú àti òmìnira. Acarajé tí wọ́n ń tà níbẹ̀ títí dòní, àkàrà wa ni. Jean-Baptiste Debret, ará Faransé tó gbé Rio láti 1816 dé 1831, ya àwọn tó ń kiri ọjà ní ìlú yẹn púpọ̀, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní Paris láàárín 1834 sí 1839. Ti Debret kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ gidi, ó fẹ́ ṣàlàyé ìlú fún àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Ní Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn èèyàn wa ní Lukumí, Víctor Patricio Landaluze tó wá láti Spéènì jẹ́ ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ pọ́ńbélé nínú ìwé ìròyìn Havana. Ó ya àwọn ọlọ́jà àti àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ lọ́nà tó dùn wò, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n gba òmìnira kúrò lọ́wọ́ Spéènì, èyí sì hàn nínú bó ṣe yà wọ́n. Ẹ wò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ mọ ọwọ́ tó yà wọ́n.

Níbo ni mo ti lè rí wọn lójúkojú?

British Museum ní London ló ní jù, ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé bébà náà wá sórí tábìlì fún yín tí ẹ bá ti kọ̀wé ṣáájú. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Lewis Walpole Library ti Yale ní Farmington, ìpínlẹ̀ Connecticut, ní àkójọ ńlá. Àwòrán ọlọ́dà The March to Finchley wà ní Foundling Museum ní London: tẹ́tẹ́ oríire ni Hogarth fi tà á, ó fún ilé àwọn ọmọ tí wọ́n gbé jù ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́kù, ọ̀kan nínú wọn ló sì jẹ.

Ṣé a mọ orúkọ èyíkéyìí nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí?

Díẹ̀ kínún. Àwọn ọkùnrin tó ń múra bí òṣèré, bíi Tiddy Doll àti Billy Waters, ìlú mọ̀ wọ́n. Oníwàrà The Enraged Musician ò lórúkọ, alákárọ́ọ̀tì Gillray ò lórúkọ, ẹlẹ́ja Sandby tó mọ ìṣirò ò lórúkọ.

Ẹnì kan wà tí mo máa ń lọ wò ní National Gallery ní London. Ọmọbìnrin tó ń ta edé ni, Hogarth yà á ní nǹkan bí 1740 sí 1745, kò sì parí rẹ̀. Àwòrán ọlọ́dà ni. Hogarth ò tẹ̀ ẹ́ rí, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó ṣe títẹ̀ rẹ̀, ní 1782. Agbọ̀n wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú edé àti ife kékeré tó fi ń wọn ọjà. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni pé oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é. Ìyàwó Hogarth, Jane, ò tà á títí tó fi kú. Wọ́n ní bí àlejò bá wá, á mú wọn lọ síwájú rẹ̀, á ní: “Wọ́n ní kò mọ ẹran ara èèyàn yà. Ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ rèé.”